Ọ̀nà Òróòro Tí Ó Fẹ̀ Lẹ́yìn Iṣẹ́ Abẹ: Èwo Ni Àrùn, Èwo Ni Kì Í Ṣe Àrùn?

Kò sí obìnrin tí ń la ẹja ní etí omi Òjó tàbí ní Ọ̀tọ̀ tí kò mọ òróòro. Bí ọ̀bẹ bá ti la ikùn ẹja, ọwọ́ rẹ̀ a rọra wọlé, a wá àpò kékeré aláwọ̀ ewé tí ó lẹ̀ mọ́ ẹ̀dọ̀, a sì yọ ọ́ láìjẹ́ kí ó bẹ́. Nítorí bí ó bá bẹ́, ẹja náà korò nìyẹn, ata àti iyọ̀ kò sì lè tún un ṣe mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni alápatà í ṣe sí ewúrẹ́ àti màlúù. Àpò kan náà ni ó wà nínú àwa ọmọ ènìyàn. Ó wà lábẹ́ ẹ̀dọ̀, ní apá ọ̀tún, nísàlẹ̀ egungun ìhà, kò sì gùn ju ìka àárín ọwọ́ àgbàlagbà lọ.

Ọ̀rọ̀ wa ní ọ̀sẹ̀ yìí kan àwọn tí oníṣẹ́ abẹ ti yọ àpò yìí kúrò nínú wọn, ó sì kan àwọn ẹbí wọn pẹ̀lú. Ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ nìyí. A yọ àpò náà, ojú ọgbẹ́ jinná, ara le, olúwarẹ̀ padà sí ẹnu iṣẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ó lọ ṣe skáànù nítorí ọ̀ràn mìíràn, bóyá nítorí oyún, bóyá nítorí inú tí ń run ún. Nígbà tí ìwé àyẹ̀wò jáde, a rí i kà nínú rẹ̀ pé ọ̀nà òróòro rẹ̀ ti fẹ̀. Ìbẹ̀rù dé nìyẹn. Ọ̀kan nínú ẹbí ní jẹjẹrẹ ni. Òmíràn ní dókítà gbàgbé nǹkan sínú rẹ̀. Ẹlòmíràn ti ń wá ẹni tí yóò ra ilẹ̀ kí a lè fi owó rẹ̀ ṣe ìtọ́jú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, lọ́pọ̀ ìgbà, kò sí àrùn kankan níbẹ̀: ara ni ó tún ilé ara rẹ̀ tò nígbà tí ohun èlò kan ti kúrò nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn, fífẹ̀ kan náà yìí ni àmì pé nǹkan ti dí ọ̀nà náà, ìyẹn a sì máa pa ènìyàn láàárín ọjọ́ díẹ̀ bí a bá fi falẹ̀. Ó yẹ kí a mọ bí a ti ń ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ iṣẹ́ tí òróòro ń ṣe. Ẹ̀dọ̀ ni ó ń pèsè rẹ̀, kì í ṣe àpò náà, ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ti ń ṣì í mọ̀. Àpò kò ṣe ju ibi ìpamọ́ lọ. Ní ọjọ́ kan ṣoṣo, ẹ̀dọ̀ àgbàlagbà a máa pèsè òróòro tí ó tó ìdajì lítà títí dé lítà kan. Kì í sinmi lọ́sàn-án, kì í sinmi lóru. Òróòro yìí a máa ṣàn gba inú àwọn ojú ọ̀nà tín-ín-rín inú ẹ̀dọ̀. Wọn a máa pàdé ara wọn, wọn a sì máa tóbi sí i, gẹ́gẹ́ bí odò kéékèèké ti í ṣàn pọ̀ kí wọ́n tó wọ inú ọ̀sà, títí wọn yóò fi di ọ̀nà ńlá kan ṣoṣo tí ó sọ̀ kalẹ̀ sínú ìfun. Ọ̀nà ńlá yìí ni à ń pè ní ọ̀nà òróòro nínú àròkọ yìí. Ẹ̀ka kan yà lára rẹ̀, òun ni ó lọ sínú àpò.

Ní ìdí ọ̀nà náà, níbi tí ó ti wọ inú ìfun, iṣan kan wà tí ó yí i ká bí okùn tí a fi ń fa ẹnu àpò pọ̀. Ruggero Oddi, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn nígbà náà ní ìlú Perugia ní ilẹ̀ Ítálì, ni ó ṣàlàyé iṣan yìí yékéyéké ní ọdún 1887, orúkọ rẹ̀ ni a sì fi ń pe iṣan náà títí di òní. Nígbà tí ènìyàn kò bá jẹun, iṣan yìí a pa ẹnu dé. Òróòro tí kò rí ọ̀nà jáde a padà sẹ́yìn, a wọ inú àpò lọ, àpò a sì fa omi inú rẹ̀ kúrò kí ó lè ki. Nítorí náà ni àpò tí kò gbà ju nǹkan bí 30 sí 50 mílílítà lọ fi lè tọ́jú agbára òróòro púpọ̀. Bí ènìyàn bá wá jẹ ẹ̀fọ́ elépo, tàbí àkàrà, tàbí ẹran ọlọ́ràá, ìfun a ránṣẹ́ nípasẹ̀ ẹ̀jẹ̀. Àwọn onímọ̀ méjì ní Amẹ́ríkà, Ivy àti Oldberg, ni wọ́n rí ìránṣẹ́ náà ní ọdún 1928. Bí ìránṣẹ́ yìí bá ti dé, àpò a fún ara rẹ̀ pọ̀, iṣan ìdí ọ̀nà a tú, òróòro a sì dà sórí oúnjẹ. Ohun tí ọṣẹ ń ṣe sí ọ̀rá lára àwo ni òróòro ń ṣe sí epo nínú ìfun.

Kí ni ó ń mú kí a yọ ohun rere bẹ́ẹ̀ kúrò? Òkúta ni, ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìgbà. Òróòro tí ó dúró tí ó sì ki jù a máa dì, gẹ́gẹ́ bí iyọ̀ ti í dì nínú omi tí oòrùn ti fà gbẹ. Ní àwọn ilẹ̀ òyìnbó, ọ̀rá ara ni ó pọ̀ jù nínú òkúta wọn. Ní àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tí ó kọjá, irú òkúta bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n púpọ̀ ní ìgbèríko ilẹ̀ Áfíríkà, tó bẹ́ẹ̀ tí Denis Burkitt, dókítà ará Ireland tí ó pẹ́ ní Uganda, kọ̀wé lórí rẹ̀ ní 1975, ó sì ka oúnjẹ wa tí kì í ṣe àtúnbọ̀tán ilé iṣẹ́ sí ara ìdí rẹ̀. Oúnjẹ wa kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́ lónìí, ó kéré tán ní ìlú Èkó àti àyíká rẹ̀.

Ṣùgbọ́n irú òkúta kejì wà tí ó jẹ́ tiwa gan-an, èyí tí ó dúdú. Ẹ̀jẹ̀ ni ó ti ń wá. Èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀ a máa gbé tó 120 ọjọ́ kí ó tó kú; lára ẹni tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, ìyẹn sickle cell, kì í sábà ju ọjọ́ 10 sí 20 lọ. Àwọ̀ ìyeyè tí ń jáde nínú èròjà tí ó kú ni ẹ̀dọ̀ ń dà sínú òróòro. Nígbà tí ó bá pọ̀ jù, yóò di òkúta. Ẹ sì rántí pé ní Nàìjíríà, nínú ènìyàn mẹ́rin, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ẹnì kan a máa ní ẹ̀jẹ̀ AS. Ẹ̀jẹ̀ AS fúnra rẹ̀ kì í ṣe àrùn, kì í sì í ṣe òun ni ó ń fa òkúta yìí. Ṣùgbọ́n nígbà tí AS méjì bá fẹ́ra ni a lè bí ọmọ SS. Nítorí náà ni a fi ń rí ọ̀dọ́mọdé tí kò tíì pé ogún ọdún tí òkúta ti kún inú àpò òróòro rẹ̀, ohun tí dókítà ilẹ̀ òyìnbó kì í sábà retí lára èwe.

Carl Langenbuch ni ó kọ́kọ́ yọ àpò òróòro ènìyàn, ní ìlú Berlin, ní oṣù keje ọdún 1882. Ṣáájú rẹ̀, wọn a máa la àpò náà, wọn a kó òkúta inú rẹ̀, wọn a sì fi àpò sílẹ̀. Òkúta a sì tún hù. Èrò tirẹ̀ ni pé àpò fúnra rẹ̀ ni ilé iṣẹ́ òkúta, àti pé ó ti rí àwọn ẹranko tí wọn kò ní àpò yìí tí wọ́n sì ń gbé láàyè. Òtítọ́ ni ó rí: ẹṣin kò ní in. Ní 1985, Erich Mühe, ará Jámánì pẹ̀lú, gba inú ihò kékeré yọ ọ́ dípò kí ó la ikùn gbàgà. Ọ̀nà ihò kékeré yìí kò ṣe àjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá mọ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tí wọ́n ti ń lò ó.

Bí a bá ti yọ àpò kúrò, ẹ̀dọ̀ kò mọ̀. Ó ń pèsè òróòro rẹ̀ bí ti àtẹ̀yìnwá. Ibo ni òróòro náà yóò máa wọ̀ nígbà tí iṣan ìdí ọ̀nà bá pa ẹnu dé? Ẹ fi ojú inú wo ilé tí omi ẹ̀rọ ti ń wọ inú táǹkì. Bí a bá gbé táǹkì kúrò, tí omi kò sì dá ṣíṣàn dúró, inú páìpù nìkan ni omi yóò máa dúró sí títí ẹnìkan yóò fi ṣí ẹnu ẹ̀rọ. Páìpù irin kò lè fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà inú ara jẹ́ ẹran rírọ̀, ó lè fẹ̀ díẹ̀ láti fi gba ohun tí àpò ti ń gbà. Oddi fúnra rẹ̀ ti rí èyí lára àwọn ajá tí a yọ àpò òróòro wọn. Àwọn dókítà jiyàn lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, nítorí pé nígbà tí wọ́n wọn ọ̀nà náà lára ènìyàn, àwọn kan wà tí tiwọn kò fẹ̀ rárá, àwọn mìíràn sì wà tí tiwọn fi mílímítà kan tàbí méjì fẹ̀ sí i. Kò sí ẹni tí ó lè sọ ṣáájú iṣẹ́ abẹ pé lágbájá yóò wà níhà báyìí.

Ní ti iye, ọ̀nà òróòro ẹni tí àpò rẹ̀ ṣì wà kì í sábà fẹ̀ ju mílímítà 6 lọ. Pẹ́ńsùlù tí ọmọ ilé ìwé fi ń kọ̀wé ki díẹ̀ jù ú lọ. Lára ẹni tí a ti yọ àpò rẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kì í bẹ̀rù bí ó bá dé 10, bí ohun gbogbo yòókù bá dára. Ọjọ́ orí pẹ̀lú a máa mú un fẹ̀: lẹ́yìn ọgọ́ta ọdún, à ń rò ó sí bíi mílímítà kan fún ọdún mẹ́wàá-mẹ́wàá. Nítorí náà, bí a bá rí 8 tàbí 9 lára ìyá àgbà tí ó ti pé ẹni àádọ́rin ọdún, tí a ti yọ àpò rẹ̀ ní ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, tí ó ń jẹun tí ara rẹ̀ sì le, kò sí ìdí tí a ó fi tìtorí rẹ̀ ta ilẹ̀.

Iye mílímítà nìkan kò tó ìdájọ́. Ohun mẹ́ta ni dókítà ń wò pọ̀. Ó ń bi aláìsàn léèrè bí ara ti rí. Ó ń ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá iṣẹ́ ẹ̀dọ̀ ń lọ déédéé. Àyẹ̀wò yìí kò ṣòro, ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ láti apá ni wọn yóò fà. Lẹ́yìn náà, ó ń fi iye tòní wé ti tẹ́lẹ̀, bí ìwé ti tẹ́lẹ̀ bá wà. Ọ̀nà tí ó jẹ́ 9 ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí ó sì jẹ́ 9 lónìí kò jọ èyí tí ó jẹ́ 5 ní ọdún tó kọjá tí ó wá di 9. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dára, tí kò sí ìrora, dókítà lè má ṣe ju pé kí ó ní kí aláìsàn padà wá lẹ́yìn oṣù díẹ̀. Ẹ má ṣe rò pé ó fi ọ̀rọ̀ yín ṣeré. Bí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí kò bá dára, nígbà náà ni ó lè ní kí wọ́n fi ẹ̀rọ ńlá tí ń lo agbára òòfà ya àwòrán ọ̀nà náà, tàbí kí wọ́n gba ẹnu fi okùn tí ó ní iná àti ojú lórí wọlé dé ìdí rẹ̀, èyí tí ó tún lè fa òkúta jáde láìla ikùn.

Ọ̀nà náà a máa dí lóòótọ́, àwọn ohun tí ó sì ń dí i kò kéré. Òkúta kan lè ti yọ́ jáde kúrò nínú àpò kí a tó yọ àpò náà, kí ó sì wà nínú ọ̀nà fún oṣù tàbí ọdún. Òkúta tuntun lè hù nínú ọ̀nà fúnra rẹ̀, pàápàá lára ẹni tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde, nítorí pé yíyọ àpò kò dá ẹ̀jẹ̀ dúró láti máa kú. Ọ̀bẹ oníṣẹ́ abẹ lè ti kan ọ̀nà náà. Nínú 1,000 ènìyàn tí a gba ihò kékeré ṣe é fún, irú èyí a máa ṣẹlẹ̀ sí bíi mẹ́ta sí márùn-ún, àpá rẹ̀ sì lè pẹ́ kí ó tó fún ọ̀nà náà pa. Aràn inú ìfun pàápàá a máa gòkè wọ inú rẹ̀. Lára àgbàlagbà, kókó jẹjẹrẹ tí ó wà nítòsí ìdí ọ̀nà náà lè tẹ̀ ẹ́ pa. Àwọn oògùn ìrora líle tí wọ́n jẹ́ ẹ̀yà morphine, èyí tí a ń fún àwọn ọlọ́jọ́ ìrora egungun, a sì máa mú kí iṣan Oddi fún ara rẹ̀ pọ̀ kí ọ̀nà náà sì fẹ̀ láìsí òkúta kankan. Ó yẹ kí dókítà gbọ́ bí ẹ bá ń lò wọ́n.

Ní 1877, Charcot, dókítà ilẹ̀ Faransé, kọ àmì mẹ́ta sílẹ̀ tí a fi ń mọ̀ pé ọ̀nà òróòro ti dí tí kòkòrò àrùn sì ti wọ inú rẹ̀: ìrora lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún, ibà pẹ̀lú òtútù tí ń gbọn ènìyàn, àti ojú tí ó pọ́n bí ìyeyè. Ẹ fi etí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín, kí ẹni tí ń ka ìwé yìí fún àwọn ẹlòmíràn sì tún un kà. Ní agbègbè tiwa, bí ara ènìyàn bá gbóná tí ó sì ń gbọ̀n, ibà ẹ̀fọn ni a kọ́kọ́ ń pè é. Bí ojú rẹ̀ bá tún pọ́n, a ní ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni, a sì se àgbo. Kẹ́míìsì a ta oògùn ibà, a tún fi ti tífọ́ọ̀dù lé e. Ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin a ti kọjá. Èmi kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí àgbo, ṣùgbọ́n kò sí àgbo tí ó lè ti òkúta jáde nínú ọ̀nà tí ó ti há. Ẹni tí a ti yọ àpò òróòro rẹ̀ rí, tí àmì wọ̀nyí bá pàdé lára rẹ̀, ilé ìwòsàn ńlá ni kí a gbé e lọ ní ọjọ́ náà gan-an, ìbáà jẹ́ òru. Bí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bá ti ń dàrú, tàbí tí ara rẹ̀ ń tutù tí ó sì ń rọ, ikú ti súnmọ́ tòsí.

Àwọn àmì mìíràn a máa ṣáájú, wọn kì í sì í pariwo. Ìtọ̀ a dúdú bí tíì tí a kò fi mílíìkì sí. Ìgbẹ́ a funfun bí amọ̀, nítorí pé òróòro ni ó ń pa á láró, òróòro kò sì dé ibẹ̀ mọ́. Ara a máa yún ènìyàn láìsí èélá. Bí ojú bá ń pọ́n díẹ̀díẹ̀ láìsí ìrora, tí olúwarẹ̀ sì ń rù, kí a má ṣe dúró de ibà kí a tó lọ.

Ọ̀ràn àwọn tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde ṣòro jù, nítorí pé ojú wọn a máa pọ́n díẹ̀ nígbà gbogbo, ìrora kò sì jẹ́ àjèjì sí wọn. Ìyá ọmọ ni ó máa ń kọ́kọ́ mọ ìyàtọ̀. Òun ni ó mọ bí ojú ọmọ rẹ̀ ti í pọ́n tó ní ọjọ́ tí ara rẹ̀ yá. Bí ó bá rí i pé ó ti kọjá bẹ́ẹ̀, tí ìtọ̀ dúdú, tí ìrora sì dúró sí ìhà ọ̀tún dípò eegun apá àti itan, kí ó sọ bẹ́ẹ̀ fún dókítà láìfi bò, kí ó má sì gbà kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìrora egungun lásán.

Láti Òjó, Ìbà àti Okokomaiko, ilé ìwòsàn ìjọba tí ó wà ní Ìgándò kò jìnnà sí ẹni tí ó bá gba ọ̀nà LASU. Àwọn ará ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lè lọ sí ti Àgbádárìgì. Ọ̀ràn tí ó bá ju agbára wọn lọ ni wọn yóò darí sí ilé ìwòsàn Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, tàbí sí LUTH ní Ìdí-Àràbà, níbi tí ibùdó àwọn tí ó ní àrùn fòní-kú-fọ̀la-dìde wà ní ọ̀kánkán rẹ̀.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan nípa skáànù. Ẹni tí ń fi ẹ̀rọ náà wo inú yín kò rí ìtàn yín. Àwòrán ni ó rí. Bí àpá ihò kékeré bá ti parẹ́ lára, ó lè máa wá àpò tí kò sí mọ́, kí ó sì kọ ọ́ pé ọ̀nà òróòro fẹ̀, láìfi kún un pé a ti yọ àpò. Kí ẹ tó dùbúlẹ̀, ẹ sọ fún un pé, “Wọ́n ti yọ àpò òróòro mi,” kí ẹ sì dárúkọ ọdún tí wọ́n yọ ọ́. Ìwé tí ilé ìwòsàn fún yín ní ọjọ́ tí ẹ ń lọ sílé, àti ìwé skáànù gbogbo tí ẹ ti ṣe rí, ẹ di wọ́n sínú ọ̀rá kan náà pẹ̀lú ìwé ìbí àwọn ọmọ, níbi tí òjò kò lè dé, kí ẹ sì fi ibẹ̀ han ẹnì kan nínú ilé, nítorí pé ní ọjọ́ tí ibà bá ń gbọn yín, ẹ̀yin kọ́ ni yóò lè wá a.